Ìgbà Mẹ́tàdínlógójì Tí Ọwọ́ Gbọ̀n

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìwo abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n á máa bá ìyá mi sọ̀rọ̀, ojú wọn á wà lára ìyá mi, òwú á sì ti kọjá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé gbogbo àgbàlagbà ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tí mo rí olùkọ́ wa tó ń fi itọ́ ra òwú, tó di ojú kan, tó sì ń ṣépè fún abẹ́rẹ́, ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀bùn ni.

Níbi iṣẹ́ wọn, Ọlọ́wọ́ Òkúta ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, torí pé ọwọ́ wọn kì í mì. Ọ̀gá ibẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ yẹn. Ẹ má bínú pé n óò máa pe Ọ̀gá ní "ó" nínú ìtàn yìí. Nílé wa, a ti dẹ́kun pípè é ní "wọ́n."

Aránṣọ ni Àǹtí tẹ́lẹ̀. Yàrá kékeré kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìwádìí náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún aṣọ funfun àwọn òṣìṣẹ́ rán. Ọ̀gá ń kọjá lọ́jọ́ kan, ó rí wọn tí wọ́n ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ tí ojú wọn sì wà lójú fèrèsé. Ó dúró. Ó ní, "Tún un ṣe." Wọ́n tún un ṣe. Ó ní, "Ìwọ, tẹ̀ lé mi." Wọ́n fi abẹ́rẹ́ sára aṣọ tí wọ́n ń rán, wọ́n tẹ̀ lé e, wọn ò sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́ fún ogún ọdún.

Ọpọlọ ni wọ́n ń wádìí níbẹ̀. Kì í ṣe odindi ọpọlọ o, èèpo rẹ̀ ni, ìyẹn apá òde tó bo ìyókù bí èèpo ṣe bo ọsàn. Àǹtí máa ń sọ pé inú èèpo yẹn ni èrò wà, pé ohun tí mo ń rò báyìí, inú èèpo ló wà. Iná mànàmáná ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iná náà kéré débi pé gbogbo èyí tó wà lórí mi kò lè tan gílóòbù kan. Ọpọlọ eku funfun ni wọ́n ń lò. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Eku ló ń tọ́jú àwọn eku náà nísàlẹ̀ ilé.

Iṣẹ́ Àǹtí ni láti kun sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láró. Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ ohun alààyè kéékèèké tí ara fi kọ́. Ẹgbàágbèje rẹ̀ ló wà nínú èèpo ọpọlọ, wọ́n há mọ́ra bí èrò inú ọkọ̀. Àǹtí á fi ẹ̀rọ kan tó ń gbóná fa ọ̀pá gíláàsì títí yóò fi já sí méjì. Ẹnu rẹ̀ á wá mú ju abẹ́rẹ́ lọ fíìfíì, síbẹ̀ ihò á wà nínú rẹ̀. Wọ́n á rọ aró sínú rẹ̀. Ọpọlọ tí wọ́n ti gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí àlùbọ́sà á wà nínú omi iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń hó nínú rẹ̀, kó má bàa tètè kú. Wọ́n á fojú sí awò ńlá tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n á máa yí irin roboto kan díẹ̀díẹ̀, abẹ́rẹ́ gíláàsì á máa sọ̀ kalẹ̀ títí á fi kan ara sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yàn. Wọ́n á wá fẹnu fa ọ̀pá rọ́bà kan pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò. Sẹ́ẹ̀lì á lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, aró á sì rọra wọlé. Tí wọ́n bá wá gbé e sórí dígí pẹlẹbẹ, ẹ óò rí sẹ́ẹ̀lì náà pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, bí igi tó dá dúró ní pápá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Tí ọwọ́ bá gbọ̀n, kódà kó jẹ́ ìwọ̀nba èyí tí èèyàn fi ń mí kanlẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á ya, aró á sì dà lé àwọn aládùúgbò lórí.

Ìdí nìyẹn tí Ìwé Ọwọ́ fi wà. Ọkùnrin kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú Àǹtí. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ba iṣẹ́ odidi ọdún kan jẹ́. Ọ̀gá wá ṣòfin. Dígí tí a bá rí sẹ́ẹ̀lì aláró kan ṣoṣo lórí rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, kó sì kọ "Ó dára." Tó bá ju ẹyọ kan lọ, kó kọ "Ọwọ́ gbọ̀n," kó sì buwọ́ lù ú. Kò sí ọ̀rọ̀ kẹta tí èèyàn lè kọ. Ẹni tó bá sì kọ irọ́ sínú Ìwé Ọwọ́, ọjọ́ náà ló máa kẹ́rù rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni Àǹtí kọ "Ọwọ́ gbọ̀n." Ọ̀sẹ̀ tí bàbá wọn kú ni méjì nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni aró tuntun dé. Aró àtijọ́ wúwo, ìyẹn ni pé ẹyọ rẹ̀ tóbi. Ẹyọ ti tuntun yìí kéré gan-an, ó sì máa ń kun ẹ̀ka tó tínrín jù lọ. Inú Ọ̀gá dùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, a wà ní ìsinmi, Àǹtí sì mú mi dání lọ síbi iṣẹ́. Mo jókòó sórí àga gíga kan, mo káwọ́ lé itan kí n má bàa fọwọ́ kan nǹkan. Wọ́n pè mí pé kí n wá wo ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo fojú sí awò. Igi méjì ni mo rí. Wọ́n dúró ti ara wọn, ẹ̀ka ọ̀kan kan ẹ̀ka èkejì.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí! Méjì lẹ ṣe!"

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún fojú sí i, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n lọ pe Ọ̀gá.

Ọ̀gá wò ó fìrí. "Ọlọ́wọ́ Òkúta, kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n."

"Méjì lo kùn yìí."

"Ẹyọ kan ni mo gún. Tó bá jẹ́ pé aró dà ni, àárín wọn ì bá ti dọ̀tí. Ẹ wò ó, àárín wọn mọ́ tónítóní."

Ọ̀gá ò tún wò ó. Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọ́ kíláàsì. "Sẹ́ẹ̀lì inú èèpo ọpọlọ kì í fara kanra. Àlàfo ló wà láàárín wọn. Tí ọ̀kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, oògùn díẹ̀ ló máa ta sí i lára láti òdìkejì àlàfo. Ilé kálukú ló ní ògiri tirẹ̀. Báwo ni aró ṣe wá la ògiri kọjá? Ṣé iwin ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Ọ̀gá wí.

Àǹtí ṣí Ìwé Ọwọ́, wọ́n kọ "Ọwọ́ gbọ̀n," wọ́n buwọ́ lù ú. Mo rí i pé lẹ́tà wọn gún régé, bí èyí tí olùkọ́ máa ń kọ sójú pátákó.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń mu tíì, Bàbá Eku pariwo, "Ẹ sá o! Òkúta ti ń gbọ̀n! Ilẹ̀ á mì lónìí!"

Àǹtí dá a lóhùn pé, "Kí ni ìwọ mọ̀ ju ìgbẹ́ eku lọ?"

"Ìgbẹ́ eku ò láburú o jàre. Iye tó bá wà nílẹ̀ ni mò ń gbá. Kò sẹ́ni tó ń ní kí n gbá márùn-ún kí n pè é ní ọ̀kan."

Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí mo rí Àǹtí tí wọ́n rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ nìyẹn.

Torí pé ó tún ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀karùn-ún, lẹ́ẹ̀kẹwàá. Nígbà míì sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló máa ń ní àwọ̀, lọ́jọ́ kan márùn-ún ni. Àǹtí fọkàn sí i, wọ́n rí nǹkan kan. Tí wọ́n bá gún àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí, kò sí wàhálà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa dá àwọn ńlá lẹ́kun, bí ìyá tó ń sọ fọ́mọ pé "ó tó." Lára àwọn yẹn nìkan ni sẹ́ẹ̀lì aláró ti ń pé méjì, pé mẹ́ta. Èyí tó sì ń gba aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yà kan náà ni.

Àǹtí tún tọ Ọ̀gá lọ. Kí wọ́n má bàa da ọ̀rọ̀ pọ̀, wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún èmi àti ìyá mi nílé kí wọ́n tó lọ. "Ọ̀gá, ṣé aró tó bá dà máa ń yan ẹni tó máa kùn ni? Ṣé ó mọ ẹni tó jẹ́ ẹbí ẹni? Ọwọ́ mi ò yí padà, sà. Aró ló yí padà."

Ọ̀gá wo irun wọn tó ti ń funfun létí. "Ọjọ́ orí ẹ ńkọ́? Ìyẹn ò yí padà?"

Bó ṣe parí nìyẹn.

Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn fúnra wọn. Dókítà ní kí wọ́n na ọwọ́ síwájú, ó gbé bébà lé e lórí, bébà ò mì. Ó ní, "Màmá, ọwọ́ yín fìdí múlẹ̀ ju tèmi lọ." Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á bu omi kún ife dé etí, wọ́n á gbé e láti ilé ìdáná lọ sójú fèrèsé, wọ́n á tún gbé e padà. Wọn ò sọ fún wa pé ìdánwò ni. Èmi náà ò béèrè. Ọwọ́ tí wọ́n bá ń pè ní olè lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àpò ara rẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kan, omi dà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ̀nba bí ẹ̀kán mẹ́ta. Mo fi ìbọ̀sẹ̀ mi nù ún kí wọ́n tó yíjú padà.

Ìyá mi ò lè dákẹ́ bí èmi. "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ ju dígí yẹn nù! Ta ló máa rí yín?"

"Èmi á rí ara mi."

"Ẹ máa kọ 'Ó dára,' kẹ́ ẹ fọkàn yín balẹ̀."

"Kí n rí méjì kí n kọ ọ̀kan? Irọ́ nìyẹn."

"Èyí tẹ́ ẹ wá ń kọ ńkọ́?" ni ìyá mi wí. "Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ yín ò gbọ̀n, ẹ sì ń fọwọ́ ara yín kọ ọ́ pé ó gbọ̀n. Kí la ń pe ìyẹn?"

Àǹtí mú aṣọ iléèwé mi, wọ́n ń wá ibi tó ya, nígbà tí kò sí ibi tó ya.

Nígbà tó pé ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógójì látìgbà tí aró tuntun ti dé, Ọ̀gá mú Àǹtí kúrò nídìí awò. Kò pariwo mọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n lọ máa fọ ìgò. Ibi ìfọgò wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, omi gbígbóná àti ọṣẹ líle ni wọ́n ń lò, láàárín oṣù mẹ́ta awọ ìka Àǹtí ti ń bó. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n kó dígí mẹ́tàdínlógójì náà dání nínú àpótí onígi kan. Wọ́n kọ "Ìbàjẹ́" sórí ìdérí rẹ̀, wọ́n sì tì í sábẹ́ ibi ìfọgò. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè, torí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ìbàjẹ́.

Ọkùnrin kan gba ipò wọn. Ó ní sùúrù, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, Jẹ́jẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Ìwé Ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ bí àwo tuntun: Ó dára, Ó dára, Ó dára. Ọ̀gá máa ń yìn ín níwájú àwọn àlejò. Àǹtí ló ń da ìdọ̀tí yàrá náà nù, àfọ́kù dígí ni wọ́n sì ń rí nísàlẹ̀ garawa, lójoojúmọ́, tí Jẹ́jẹ́ ti fi bébà wé dáadáa. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú àfọ́kù kan lọ sójú iná. Sẹ́ẹ̀lì méjì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n dì mọ́ra.

Ìyá mi ní, "Ẹ ò sọ fún Ọ̀gá?"

"Kó lè ní mò ń jowú ọmọ ọlọ́mọ?"

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi fọ ìgò. Gbogbo ìgbà yẹn, ohun kan ṣoṣo ni Àǹtí ń fẹ́: kí Ọ̀gá sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ọwọ́ wọn ò gbọ̀n, kí wọ́n sì padà sídìí awò. Wọn kì í sọ ọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá ń sùn lórí àga lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, mo máa ń rí ọwọ́ ọ̀tún wọn tó ń yí irin kan tí kò sí níbẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà náà ni Olójú Mẹ́rin dé. Dókítà obìnrin kan ni, kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, ìyẹn ni Bàbá Eku ṣe sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló máa ń dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wá kí Àǹtí láàárọ̀.

Iṣẹ́ tí òun bá wá yàtọ̀ sí ti aró. Abẹ́rẹ́ gíláàsì méjì ló ń lò lẹ́ẹ̀kan náà, á fi gún sẹ́ẹ̀lì kékeré méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Á fi iná mànàmáná díẹ̀ ránṣẹ́ sínú àkọ́kọ́. Ìlà kan wà lójú ẹ̀rọ fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìlà àkọ́kọ́ gòkè, ti èkejì náà gòkè. Kò ga tó ti àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n gòkè. Tó bá jẹ́ oògùn ni sẹ́ẹ̀lì kan ta sí èkejì, ì bá pẹ́ díẹ̀, torí ẹni tá a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ rìn kó tó dé. Èyí ò pẹ́. Ó yí i padà, ó rán iná náà láti inú èkejì sí àkọ́kọ́, nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ó wá rò pé bóyá àwọn abẹ́rẹ́ náà ló ń gbọ́ ara wọn. Ó yọ ọ̀kan síta sẹ́ẹ̀lì, kò jù bí ìbú irun orí lọ. Ìlà náà sùn gbọọrọ. Ó wá dá a lójú pé àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ni.

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí rẹ̀ kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, ó wá gba ìgò lọ́wọ́ Àǹtí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ àpótí.

"Màmá, kí ló wà nínú èyí?"

"Ìbàjẹ́ ni, ọmọ mi."

"Ìbàjẹ́ ta?"

"Tèmi."

Ó mú dígí kan níbẹ̀, ó gbé e sókè síbi fèrèsé. Ó mú òmíràn. Ó gbé gbogbo àpótí náà lọ, kò tiẹ̀ tọrọ gáfárà. Nígbà tó fi máa padà, Àǹtí ti fọ ìgò tó lé ní ọgọ́ta. Ó ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Màmá, ilẹ̀kùn ló wà láàárín wọn. Ilẹ̀kùn kéékèèké, láti inú sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sínú èkejì. Ibẹ̀ ni iná ń gbà. Aró àtijọ́ tóbi jù, kò lè gbabẹ̀. Tuntun yìí kéré, òun ló ń gbabẹ̀ kọjá. Ọwọ́ yín ò gbọ̀n rí."

Àǹtí pa ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní, "Mo mọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní, "Ṣé wàá bá mi sọ fún Ọ̀gá?"

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ra bàtà tuntun fún mi lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílé. Ó tóbi fún mi, mi ò sì sọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, Ọ̀gá ránṣẹ́ pè wọ́n. Olójú Mẹ́rin wà níbẹ̀, òun ló wá sọ èyí tí Àǹtí fò fún wa. Akọ̀wé àgbà tó ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀, Ìwé Ọwọ́ sì wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Ẹ jókòó, Màmá."

Fún ogún ọdún, "ìwọ" ló ń pè wọ́n. Àǹtí sọ fún wa pé bí àwọn ṣe gbọ́ "ẹ jókòó" yẹn, ẹ̀rù ba àwọn.

"A fẹ́ fi àwọn dígí yín sínú ìwé ìwádìí tá a máa tẹ̀ jáde," ni Ọ̀gá wí. "Kò sí irú ẹ̀ níbòmíì, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ wa wò á béèrè Ìwé Ọwọ́. Wọ́n á rí 'Ọwọ́ gbọ̀n' lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógójì, ẹ sì buwọ́ lù ú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Ṣé ó gbọ̀n, àbí kò gbọ̀n?"

Olójú Mẹ́rin fò sókè. "Sà, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kọ ọ́!"

"Òótọ́ ni mo ní kí wọ́n kọ."

"Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè kọ!"

"Dókítà, ẹ jẹ́ kí Màmá dáhùn."

Àǹtí ní, "Tí mo bá ní ó gbọ̀n ńkọ́?"

"Ìbàjẹ́ náà ni wọ́n. A ó kó wọn dà nù, ẹ ó padà sídìí iṣẹ́ yín. Ìgò ò lè tán nílẹ̀."

"Tí mo bá ní kò gbọ̀n?"

Ọ̀gá wo Akọ̀wé. Akọ̀wé wo ìwé iwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ mọ òfin, Màmá. Ẹni tó bá kọ irọ́ sínú Ìwé Ọwọ́..." Kò parí rẹ̀.

Olójú Mẹ́rin sọ̀rọ̀ sí wọn létí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní ó gbọ̀n. Mo lè kun òmíràn. Kò gba oṣù mẹ́fà. Ẹ má tìtorí dígí pàdánù iṣẹ́ yín."

Ó ní Àǹtí gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì. Awọ ìka wọn ti bó, ó pọ́n kọjá bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọ tí wọ́n fẹ̀sùn kàn níwájú òbí rẹ̀. Ọwọ́ náà ò mì.

Wọ́n ní, "Kò gbọ̀n."

Akọ̀wé fún wọn ní bébà kan, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn gbà pé àwọn kọ irọ́ sínú Ìwé Ọwọ́ nígbà mẹ́tàdínlógójì. Wọ́n buwọ́ lù ú. Ọ̀gá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Bàbá Eku ló bá wọn gbé báàgì dé ẹnu géètì. Ó ní, "Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ," ó fẹ́ fi dẹ́rìn-ín pa wọ́n, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló bú sẹ́kún.

Nígbà tí ìwé ìwádìí náà jáde, Olójú Mẹ́rin mú ẹ̀dà kan wá sílé wa. Orúkọ Ọ̀gá ló ṣáájú, tirẹ̀ tẹ̀ lé e, ti Jẹ́jẹ́ ló ṣe ìkẹta.

"Mo kọ orúkọ yín sí i, Màmá. Wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní ẹni tó ti fọwọ́ sí i pé òun kọ irọ́, orúkọ rẹ̀ ò lè sí níbẹ̀."

Àǹtí ò gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọ́n lo àwòrán?"

"Dígí kọkàndínlógún."

"Àárín wọn mọ́?"

"Tónítóní, Màmá."

"Ó dára."

Èmi ni mo gbà á. Igi méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n gún régé. Wọ́n ti gé etí àwòrán náà kí nọ́ńbà má bàa hàn, àmọ́ kò gé tán. Ní igun ìsàlẹ̀, ìrù "9" ṣẹ́kù, bí Àǹtí ṣe máa ń kọ ọ́, tó rọ́ díẹ̀ sápá òsì. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mi ò fi hàn wọ́n.

Olójú Mẹ́rin tún wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó ń kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Iṣẹ́ aránṣọ ni Àǹtí padà sí, níwájú fèrèsé wa. Wọ́n ṣì ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ ní báyìí, wọ́n ń wo abẹ́rẹ́ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń gbé tíì bọ̀ fún wọn, ife bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo tètè mú ìgbálẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ọwọ́ mi ló gbọ̀n."

Wọ́n fi aṣọ sílẹ̀, wọ́n dìde. Mi ò rí irú ojú yẹn lára wọn rí.

"Ṣé ó gbọ̀n?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí, mo..."

"Mo bi ọ́ ni. Ṣé ó gbọ̀n?"

Mo ronú. "Rárá, mà. Ife ló gbóná. Kò ní etí tí mo lè fi dì í mú, etí rẹ̀ ti kán."

"Ta ló fún ẹ ní ife tí kò létí?"

Àǹtí fúnra wọn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n nà án sí mi.

"Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Tún un sọ."

Omi ti ń bọ́ lójú mi. Wọn ò kọ́ mi rí pé kí n nàka sí àgbà. "Ẹ̀yin lẹ fún mi, Àǹtí. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n."

Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gbá àfọ́kù náà jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì gbójú sókè títí ó fi tán.